Igi Tàbí Ike: Ẹjọ́ Ìdí Ìbọn Ọlọ́ta Kan

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ìdí ìbọn, ìyẹn apá tí a ń dì mú tí a sì ń fi ti èjìká, bá délẹ̀ láàárín àwa tó fẹ́ràn ìbọn ọlọ́ta kan, ìyẹn ìbọn tó ń gba ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ẹjọ́ kan náà la máa ń gbọ́. Ẹnì kan á ní igi kò ṣeé fọkàn tán, pé bí òjò bá ti pa á ó ti wú, ó ti lọ́, ọta kò sì ní í lọ síbi tí a rán an mọ́. Ẹlòmíràn á ní ike kò bá ọwọ́ mu, ojú ò sì gbà á. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ẹjọ́ tí à ń dá yìí kì í ṣe ti ìbọn tiwa rárá. Orí ìbọn mìíràn ni wọ́n ti gbé e wá, àwa kàn gbà á wọlé láì yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ìbọn bolt-action, èyí tí a ń fa irin kan sẹ́yìn tí a sì ń tì í síwájú kí ọta lè wọlé, ni wọ́n ti gbé e wá. Lára irú ìbọn yẹn, igi kan ṣoṣo ló máa ń gùn láti èjìká títí dé abẹ́ ọ̀pá, ìyẹn irin gígùn tí ọta ń gbà jáde. Gbogbo irin ìbọn náà ló jókòó sínú igi ọ̀hún. Bí igi bá wú lápá kan, ìjókòó irin ti yí padà nìyẹn. Bí iwájú rẹ̀ bá lọ́ díẹ̀, ó ti fara ti ọ̀pá, ó ń tì í sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọdẹ tó to awò tó fi ń fojú sun ẹran dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á wá rí i nígbà òjò pé ọta ti ṣáko. Àwọn tó ń fi bolt-action díje kò lè gba irú ìyẹn láyè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè gba ìdí fáíbà, èyí tí a fi òwú gíláàsì àti àtè líle ṣe, mọ́ra ní àwọn ọdún 1970. Ṣáájú ìyẹn, ní 1959, iléeṣẹ́ Remington ti gbé ìbọn kékeré kan jáde tó ń jẹ́ Nylon 66. Nylon, tó jẹ́ irú ike kan, ni ìdí rẹ̀ látòkè délẹ̀, iléeṣẹ́ DuPont ló sì ṣe nylon náà. Ó lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ike kò lè ṣiṣẹ́ ìdí ìbọn kò mọ ìtàn.

Ìbọn ọlọ́ta kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú èyí tó bá wù yín: Sharps àtijọ́, Remington Rolling Block, èyí tí John Farquharson ará Scotland gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ (patent) lé lórí ní 1872, èyí tí John Browning gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1879 tí Winchester rà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì di Model 1885, tàbí Ruger No. 1 tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1967. Ẹ mú àwọn tó ń ṣẹ́ lágbedeméjì, tí a máa ń tẹ ọ̀pá wọn wálẹ̀ kí a tó ki ọta sí i, náà kún un, bíi Handi-Rifle ti H&R àti Contender ti Thompson/Center. Ohun kan ló pa gbogbo wọn pọ̀. Irin àárín ìbọn, èyí tí ẹ̀rọ ìyìnbọn wà nínú rẹ̀, dá dúró fúnra rẹ̀, igi kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń lọ sí èjìká, igi kejì wà níwájú lábẹ́ ọ̀pá, àwọn igi méjèèjì kò sì fojú kan ara wọn láé. Irin ló ń gbé ọ̀pá dúró. Igi kankan kò gbé irin mì.

Ìyàtọ̀ yìí tóbi ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ. Igi ẹ̀yìn, èyí tí a fi ń ti èjìká, kò ní ohun tó pọ̀ láti fi yí ojú ọta padà. Ó lè wú, ó lè sún kì, ọ̀pá kò mọ̀ sí i. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó bá ara ẹni tó ń yìnbọn mu, kó sì le gírígírí mọ́ ẹ̀yìn irin. Igi iwájú, èyí tí mo máa ń pè ní igi abẹ́ ọ̀pá, ni gbogbo wàhálà wà. Tó bá kan ọ̀pá níbi tí kò yẹ, tàbí tó kàn án lónìí tí kò kàn án lọ́la, ẹ ti pàdánù ọta yín nìyẹn, yálà igi ni o tàbí ike.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Igi walnut dúdú ti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdí ìbọn jù níbẹ̀, máa ń sún kì ní nǹkan bí ìdá 7.8 nínú 100 bí ó bá kúrò ní tútù tó gbẹ pátápátá, tí a bá wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà tó bá àwọn òrùka igi náà lọ. Tí a bá wọ̀n ọ́n láti àárín igi síta, ìdá 5.5 ni. Ṣùgbọ́n tí a bá wọ̀n ọ́n ní òró, bí iṣan igi ṣe lọ, kì í tó ìdá kan nínú 100 rárá, ìdá 0.1 sí 0.2 péré ni. Igi kì í bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì àfi tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá ti dín sí nǹkan bí ìdá 30. Ẹ wá mú igi abẹ́ ọ̀pá tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4, kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ kúrò ní ìdá 8 bọ́ sí ìdá 12, ohun tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òjò ń rọ̀ lè ṣe. Igi náà lè fi nǹkan bí mìlímítà 0.4 fẹ̀ sí i. Bébà tí à ń kọ̀wé sí kò nípọn ju mìlímítà 0.1 lọ. Àlàfo tí ẹ ti fi bébà wọ̀n láàárín igi àti ọ̀pá ti lọ pátá, igi tiẹ̀ ti kọjá ibẹ̀.

Ẹ wo igi ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Òró ni iṣan rẹ̀ lọ, láti irin títí dé èjìká. Nínú ọ̀rinrin kan náà, igi tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35 kò lè fi mìlímítà 0.1 gùn sí i. Kò sí èjìká tó lè mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ara mi kì í yá sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pariwo pé kí ẹni tó ní ìbọn ọlọ́ta kan sọ ìdí walnut rẹ̀ nù nítorí òjò.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ igi abẹ́ ọ̀pá, nítorí ibẹ̀ ni ìbọn kọ̀ọ̀kan ti ní ìwà tirẹ̀. Lára Ruger No. 1, irin tóóró kan yọ láti ara irin àárín, ó sì gba abẹ́ ọ̀pá lọ síwájú. Sípíríǹgì tó ń ta òòlù ìbọn náà wà lórí rẹ̀. Irin tóóró yẹn ni igi abẹ́ ọ̀pá so mọ́, bóòtù kan tó dagun sí ẹ̀yìn ló sì ń fà á mọ́ irin àárín. Èrò tó dára ni, nítorí igi kò so mọ́ ọ̀pá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tóóró náà lè tẹ̀ díẹ̀, igi sì lè máa ti ọ̀pá láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ń yí padà bí ẹ bá ṣe fún bóòtù yẹn tó. Ọta àkọ́kọ́ á lọ síbi tó yẹ, ọ̀pá á gbóná, ọta kejì àti ìkẹta á máa gun òkè lọ. Àwọn tó mọ ìbọn náà ti wá oògùn rẹ̀: wọ́n á ki bóòtù kékeré kan sí orí irin tóóró náà kó lè máa fi ìwọ̀n kan náà tẹ ọ̀pá nígbà gbogbo, tàbí kí wọ́n gbẹ́ inú igi títí tí kò fi ní í kan ọ̀pá mọ́. Mo ti rí ìbọn tó para dà lọ́nà yìí, igi tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló sì ṣì wà níbẹ̀.

Lára àwọn tó ń ṣẹ́ lágbedeméjì, ara ọ̀pá gan-an ni igi abẹ́ ọ̀pá so mọ́. Ti Handi-Rifle, bóòtù kan ló dì í mú. Ti Contender, méjì ni. Ohun tó bá ń tẹ igi, ọ̀pá ló ń tẹ̀. Bí ẹ bá gbé igi abẹ́ ọ̀pá lé òkúta líle lọ́jọ́ kan, tí ẹ wá gbé e lé àpò rírọ̀ lọ́jọ́ kejì, ọta lè yà sí ibòmíràn. Àwọn kan ń fi òrùka rọ́bà kékeré sí àárín igi àti ibi tí bóòtù gbà wọlé, kí igi lè léfòó díẹ̀ lára ọ̀pá. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìbọn, kò ṣiṣẹ́ fún òmíràn.

Ó yà mí lẹ́nu pé ibi yìí gan-an ni ike olówó pọ́ọ́kú ti máa ń jáni kulẹ̀. Ike tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòdà máa ń tinrin, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kan fún igi abẹ́ ọ̀pá oníke lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí i tó ń rìn wọlé títí tó fi kan ọ̀pá. Ẹ wá rò ó pé ọwọ́ tó ń gbé e dúró tàbí okùn tí a fi gbé e kọ́ èjìká ló ń fà á. Òjò kò ṣe é ní nǹkan kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó mú un ń ṣe é. Fáíbà tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ní ìpele-ìpele kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń le gan-an, èyí tí wọ́n fi carbon ṣe sì tún le jù ú lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ "ike" láì sọ irú ike tó ń sọ kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Nylon fúnra rẹ̀ pàápàá máa ń mu omi díẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí tirẹ̀ ṣe rí, kó kọ́kọ́ ṣí ìbọn, kó fi ojú àti ìka rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Kó wá mú bébà kan, kó ká a mọ́ ọ̀pá lábẹ́, kó fà á láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn láàárín igi àti irin. Ibi tí bébà bá ti kọ́, ibẹ̀ ni igi ti ń fara kan ọ̀pá. Kó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kó tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó lọ́rinrin. Tí ibi tí bébà ti kọ́ bá ti yí padà, igi ń rìn.

Tí ẹ bá rí ibi tó ń kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò le, sùúrù ló gbà. Èmi máa ń fi èéfín fìtílà kun ìsàlẹ̀ ọ̀pá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, màá dá igi padà sáyè rẹ̀, màá fún bóòtù, màá tún tú u. Ibi tí dúdú bá ti lẹ̀ mọ́ igi ni màá fi sáńpépà tí mo ká mọ́ igi róbótó ha, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ju bí eruku ṣe nípọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà màá tún un ṣe. Ó wù mí láti máa ṣe é. Òórùn walnut tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ha kò jọ ti igi mìíràn, ó korò díẹ̀, ó sì ń ta nímú. Nígbà tí dúdú kò bá lẹ̀ mọ́ ibì kankan mọ́ àfi ibi tó yẹ, ẹ má fi ibi tí ẹ ha sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ fi epo tàbí fáníìṣì dí i, nítorí ibi tí ẹ ha tí ẹ kò dí ni omi yóò gbà wọlé kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ dídí, ibi tí mo rí i pé àwọn ènìyàn ti ń ṣe àìbìkítà jù ni ẹ̀yìn ìdí, lábẹ́ rọ́bà tó ń kan èjìká. Òde ìdí á máa dán bí dígí, ṣùgbọ́n ẹ tú rọ́bà yẹn, igi gbígbẹ funfun tí kò rí epo rí lẹ óò bá níbẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n gé igi lábùú, níbi tí ẹnu gbogbo iṣan igi ti là sílẹ̀, ló máa ń mu omi yára ju ẹ̀gbẹ́ lọ fíìfíì. Ẹ kun ibẹ̀ dáadáa. Ẹ kun inú ihò tí bóòtù gbà kọjá pẹ̀lú. Epo linseed àti fáníìṣì kì í dí omi pa, wọ́n kàn ń mú kó pẹ́ kó tó wọlé ni, ìpẹ́ yẹn sì tó fún ọdẹ tó ń nu ìbọn rẹ̀ tó bá wọlé dé. Ohun kan tí mi ò lè má sọ: àkísà tí ẹ fi kun epo linseed, ẹ má ká a jọ jù sí kọ̀rọ̀ kan. Bó bá ṣe ń gbẹ, ó ń gbóná, ó sì lè gbaná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ síta, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Epo ìbọn náà jẹ́ ọ̀tá igi. Tí ìbọn bá dúró lórí ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún, epo tí a fi ń kun irin á máa sun wá sílẹ̀ sínú orí igi ẹ̀yìn, níbi tó ti pàdé irin. Igi ibẹ̀ á dúdú, á rọ̀. Lára àwọn ìbọn àtijọ́ bíi Sharps, irin pẹlẹbẹ méjì ló yọ ahọ́n sẹ́yìn tó gbá igi mọ́ àárín. Bí igi bá ti rọ̀, nígbàkígbà tí ìbọn bá dún, irin á wọnú rẹ̀ díẹ̀ sí i, títí ìlà tín-ín-rín kan á fi yọ lẹ́yìn ahọ́n irin náà. Ìlà yẹn ni igi fi ń là. Àwọn ìbọn ìgbà tiwa bíi Ruger No. 1 ń lo bóòtù gígùn kan tó gba inú ìdí kọjá láti ẹ̀yìn, tó fa gbogbo rẹ̀ mọ́ irin, ó sì ṣe igi láǹfààní púpọ̀. Tí bóòtù náà bá tú díẹ̀, ẹ fún un. Ìdí tó ń mì ló ń là.

Ìwúwo ńkọ́? Ohun tí a fi ń yin ike ni pé ó fúyẹ́. Kì í ṣe gbogbo ike ló fúyẹ́, ṣùgbọ́n ká gbà bẹ́ẹ̀. Ìbọn ọlọ́ta kan ti kúrú tẹ́lẹ̀, nítorí kò ní irin gígùn tí bolt-action fi ń ti ọta wọlé. Tí ọ̀pá wọn bá gùn bákan náà, tiwa máa ń fi nǹkan bí ínṣì 4 kúrú. Ó rọrùn láti gbé nínú igbó, ó sì máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wá mú ìbọn tó jẹ́ kílò 3.5, ẹ dín in kù sí kílò 3.2. Ọta kan náà ni, ẹ̀tù kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń gbá èjìká ti fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 lé sí i. Pẹ̀lú ọta kékeré, ẹ kò ní í mọ̀ ọ́n. Pẹ̀lú ọta ńlá bíi .45-70 tó kún dáadáa, ẹ óò mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá sì ti ń bẹ̀rù èjìká rẹ̀ á máa di ojú kó tó yìnbọn. Ọdẹ tó ní ọta kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ di ojú.

Ariwo tún wà. Ìdí oníke tó ṣófo máa ń dún bí ìlù tí ẹ̀ka igi bá gbá a, ẹran sì ń gbọ́ ọ. Walnut tí ẹ̀ka gbá kì í pariwo. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fi fóòmù kún inú ike wọn, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń kórìíra ike. Ẹni tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi, tó ń sùn lábẹ́ òjò ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta, tí omi iyọ̀ ń ta sí ìbọn rẹ̀ lára, kó mú ìdí oníke tó le àti irin tí kì í dípẹtà, kó máa lọ. Ìbọn ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní àyè ìtọ́jú, ìwà ipá sì ni láti ní kí igi fara da ìyẹn. Bákan náà ni fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ, tí apá rẹ̀ ṣì kúrú. Àwọn ìdí oníke kan wà tí a lè fi ìpele kún bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà, kò ní í sí ìdí láti gé walnut tó dára kúrú. Fún ẹni tó dàgbà tán, igi ló ṣeé bá ara mu jù. Tí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbé lé lára ìdí bá ga jù fún awò, a lè ha igi títí ojú á fi bọ́ sí àárín awò láì fi ọrùn wá a. Ike olójú tinrin, tí ẹ bá ha á, ẹ ti dá a lu nìyẹn.

Àárín méjèèjì ni igi alálẹ̀mọ́ wà, àwọn abala igi tín-ín-rín tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n tẹ̀ pa pọ̀ pẹ̀lú agbára. Àwọn ará Jámánì lò ó lára ìbọn ológun Mauser K98k nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kì í lọ́ bọ̀rọ̀, nítorí abala kọ̀ọ̀kan ń di èkejì mú. Ó wúwo ju walnut lọ, èyí tó dára fún èjìká. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ gba àwọn tí wọ́n pa láró aláràbarà, ṣùgbọ́n mo rò pé òun ló yẹ ní igi abẹ́ ọ̀pá ju ohunkóhun mìíràn lọ, ó sì jọ mí lójú pé àwọn tó ń ṣe ìbọn kò tíì lò ó tó níbẹ̀.

Ohun tí bolt-action kò lè fún èèyàn ni pé lára ìbọn ọlọ́ta kan, kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Igi ẹ̀yìn lè jẹ́ walnut tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti mọ̀, kí abẹ́ ọ̀pá jẹ́ igi alálẹ̀mọ́ tàbí fáíbà líle, bí àwọ̀ wọn kò tilẹ̀ dọ́gba. Lára ìbọn ìgbà tiwa, bóòtù kan ló di ẹ̀yìn mú, ọ̀kan tàbí méjì ló di iwájú. Nínú ilé, pẹ̀lú irinṣẹ́ kan, a lè pààrọ̀ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn lẹ pààrọ̀, ọta méjì-mẹ́ta lójú àmì tó láti fi rí i pé ohun gbogbo ṣì wà níbi tó wà. Tó bá jẹ́ ti abẹ́ ọ̀pá, ẹ kà á sí ìbọn tuntun: ẹ fi bébà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá tutù láàárín ọta kan sí èkejì, kí ẹ sì to awò yín látìbẹ̀rẹ̀.